Fọ́ọ̀mù Ìṣẹ̀lẹ̀ àti Àyẹ̀wò Ìtẹ̀ka nínú Ìdìbò Nàìjíríà

Àwọn tó ń kọ ètò fún fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì a máa fi àyẹ̀wò sí àyè kọ̀ọ̀kan, kí ohun tí kò bá ìlànà mu má baà wọlé, wọ́n a sì tún máa pàṣẹ ìgbà tí ètò náà lè fo àyẹ̀wò ọ̀hún. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni àjọ elétò ìdìbò, INEC, fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2015, nígbà tí wọ́n lo káàdì rídà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wò bóyá káàdì ìdìbò jẹ́ ojúlówó, tó sì ń yẹ ìtẹ̀ka ẹni tó mú un wá wò, fún ìdìbò gbogbogbòò.

Nígbà náà, bí ẹ̀rọ bá gba káàdì ṣùgbọ́n tí kò dá ìka mọ̀, òṣìṣẹ́ yóò kọ olùdìbò náà sínú fọ́ọ̀mù ìṣẹ̀lẹ̀, yóò sì jẹ́ kó dìbò. Ìlànà yìí tọ́, nítorí pé ní ibi bí Àgọ́ Aláyè, ní agbègbè Òrè àti Odígbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí oko kòkó àti ọ̀pẹ ti gbilẹ̀, àdá àti ọkọ́ lè pa ìlà ìka àgbẹ̀ rẹ́ títí ẹ̀rọ kò fi ní rí nǹkan kà, kò sì yẹ kí iṣẹ́ ẹni gba ẹ̀tọ́ ẹni.

Ibi tó ti bàjẹ́ ni pé àǹfààní láti fo àyẹ̀wò náà kò dúró lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 2015, tí ẹ̀rọ kọ ìka Ààrẹ Goodluck Jonathan pàápàá ní Otuoke, ìlú rẹ̀, INEC yọ̀ǹda kí wọ́n fọwọ́ ṣe àyẹ̀wò níbikíbi tí ẹ̀rọ bá ti daṣẹ́ sílẹ̀. Nínú ẹjọ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Rivers ní 2016, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé káàdì rídà kò lè rọ́pò ìwé orúkọ olùdìbò, nítorí ìwé náà ni òfin dárúkọ.

Òfin Ìdìbò 2022 ló fi ẹsẹ̀ ẹ̀rọ múlẹ̀: bí ó bá kọṣẹ́ tí kò sí òmíràn, wọn yóò fagi lé ìdìbò ibùdó náà, wọn yóò sì tún un ṣe láàárín wákàtí 24, bí èsì ibẹ̀ bá lè yí àbájáde padà. Nígbà ìdìbò gómìnà Oǹdó ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá 2024, àgbẹ̀ tí ìka rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ lè gbé ojú síwájú BVAS, ẹ̀rọ tó rọ́pò káàdì rídà, tó ń yẹ ìka tàbí ojú wò. Bí ẹ̀rọ bá kọ ojú náà, kò sí fọ́ọ̀mù kankan tó lè gbà á wọlé mọ́.