Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì àtijọ́: Ohun tó yẹ kí o mọ̀ kí o tó tún un ṣe nínú ọgbà ilé rẹ ní Monrovia

Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì àtijọ́ di ọ̀tun ní Monrovia gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì kọ́ ni ìṣòro rẹ̀ tó tóbi jù. Òjò ni, àti afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tó ń ti orí òkun fẹ́ wọ ìlú.

Òjò tó ń rọ̀ ní olú ìlú Liberia lọ́dún kan ju mílímítà 4,500 lọ. Ti ìlú Èkó kò tó ìdajì rẹ̀. Láti oṣù Kárùn-ún títí di oṣù Kẹwàá ni ó máa ń pọ̀ jù, oṣù Kẹfà àti Keje ló sì máa ń le jù lọ. Irin tí wọ́n bá họ ọ̀dà ara rẹ̀ ní àárọ̀ lè ti máa dípẹtà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Ìdí nìyí tí a ó fi pẹ́ díẹ̀ lórí ara ọkọ̀ àti òrùlé tí yóò wà lórí rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Ọkọ̀ wo là ń pè ní ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì àtijọ́?

FIVA, àjọ tó kó àwọn ẹgbẹ́ olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ pọ̀ lágbàáyé, gbà pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti pé ọgbọ̀n ọdún ó kéré tán, kí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ bí ó ṣe wà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, kó má sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń gùn lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì ní tirẹ̀ sábà máa ń ní ilẹ̀kùn méjì, ó máa ń sún mọ́ ilẹ̀, eré sísá ni wọ́n sì ro kí wọ́n tó ro ẹrù tí yóò gbà. MGB ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Porsche 911 ti Jámánì àti Datsun 240Z ti Japan wà lára àwọn tó lókìkí jù.

Àmọ́ fún ẹni tó ń gbé ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ọkọ̀ kan wà tó yẹ kó ṣáájú gbogbo wọn: Peugeot 504 Coupé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Pìjó?

Ọdún 1968 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní ilẹ̀ Faransé gbé 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin jáde. Coupé onílẹ̀kùn méjì tẹ̀lé e ní 1969. Ilé iṣẹ́ Pininfarina ní ìlú Turin, lórílẹ̀-èdè Italy, ló ya àwòrán rẹ̀, tó sì ń kan ara rẹ̀ títí di 1983.

Onílẹ̀kùn mẹ́rin ni gbogbo wa mọ̀. Láti 1975 ni wọ́n ti ń tò ó pọ̀ ní Kàdúná, lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ó di ọkọ̀ ọ̀gá ìjọba, ó sì di ọkọ̀ akérò. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì tó ti dàgbà lágbègbè wa lónìí, orí Pìjó ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́.

Coupé náà kì í ṣe àlejò ní Áfíríkà. Ní 1978, Jean-Pierre Nicolas fi 504 Coupé ẹlẹ́ńjìnnì V6 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Kenya, ó sì tún fi irú rẹ̀ gba ti Côte d'Ivoire, orílẹ̀-èdè tó bá Liberia pààlà, lọ́dún kan náà. Ìdíje Côte d'Ivoire yìí, tí wọ́n ń pè ní Bandama níbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe eré ọmọdé rárá: ní 1972, kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó parí rẹ̀ láàárín àkókò tí wọ́n là kalẹ̀.

Ohun tó kan àpò rẹ níbẹ̀ rèé. Ẹ́ńjìnnì Coupé olítà méjì àti ti onílẹ̀kùn mẹ́rin, ọmọ ìyá ni wọ́n. Písítìnnì, kíláàṣì, bíréèkì àti bíárìn tó bá ọ̀kan mu sábà máa ń bá èkejì mu. Ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ bíi Ládìípọ̀ ní Èkó tàbí Suame Magazine ní Kumasi lè gbà ọ́. V6 kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé Peugeot, Renault àti Volvo ló jọ ṣe ẹ́ńjìnnì ọ̀hún, kò sì tàn káàkiri lọ́dọ̀ wa. Bí o bá ní ànfààní láti yàn, fi V6 sílẹ̀ fún ẹni tó lówó jù ọ́ lọ.

Ara ni kí o rà, má ṣe ra ẹ́ńjìnnì

Ti ara ọkọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ilẹ̀kùn, gíláàsì, iná iwájú àti ti ẹ̀yìn Coupé, kò sí èyí tí o lè yọ lára onílẹ̀kùn mẹ́rin. Nítorí náà, Coupé tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ le sàn ju èyí tó ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí ìpẹtà ti jẹ nínú.

Ọkọ̀ yìí kò ní ṣáásí ọ̀tọ̀ lábẹ́. Ara rẹ̀ gan-an ni egungun rẹ̀. Irin gbọọrọ tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, tó ní ihò nínú bí ọparun, ló so iwájú mọ́ ẹ̀yìn, ibẹ̀ sì ni omi máa ń sá pamọ́ sí. Ṣí kápẹ́ẹ̀tì kí o wo ilẹ̀ ọkọ̀. Wo inú búùtù níbi tí táyà àpọ́jù máa ń wà, wo ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú àti ibi tí ẹsẹ̀ iwájú ti so mọ́ ara. Mú òòfà kékeré dání: ibi tí kò bá ti lẹ̀, ohun ìdíhò ló wà lábẹ́ ọ̀dà níbẹ̀, kì í ṣe irin.

Bí irin abẹ́ ilẹ̀kùn bá ti jẹrà, kí wẹ́dà tó gé e, kó kọ́kọ́ fi irin dábùú ojú ilẹ̀kùn náà. Ẹ̀gbẹ́ kan ni kí ó ṣe tán kí ó tó fọwọ́ kan èkejì. Ẹni tó bá gé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà yóò rí i pé àárín ọkọ̀ ti tẹ̀, ilẹ̀kùn kò sì ní pa dé mọ́ láéláé.

Irin tí o bá họ mọ́ lónìí, òní náà ni kí o kùn ún ní ọ̀dà àkọ́kùn. Má họ ju ibi tí agbára rẹ ká lọ. Nígbà tí gbogbo ọ̀dà bá gbẹ tán, fọ́n epo aláìṣàn tó ń dènà ìpẹtà sínú gbogbo ibi tó ní ihò, ṣùgbọ́n má ṣe dí àwọn ihò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀. Ojú ọ̀nà omi ni wọ́n.

Ibi iṣẹ́ nínú ọgbà

Coupé gùn tó mítà 4.36, ó sì fẹ̀ tó mítà 1.7. Ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà mẹ́rin, tó sì gùn ní mítà méje, yóò jẹ́ kí o lè ṣí ilẹ̀kùn kí o sì to tábìlì iṣẹ́ sí ẹ̀yìn. Kó ilẹ̀ ibẹ̀ ga ju ti ọgbà yòókù lọ kí o tó da sìmẹ́ńtì, kí àgbàrá má baà wọlé. Jẹ́ kí páànù òrùlé yọ jáde dáadáa kọjá ògiri, nítorí pé òjò Monrovia máa ń fẹ́gbẹ̀ẹ́ wọlé. Má ṣe mọ ògiri gbogbo rẹ̀ délẹ̀ dókè. Afẹ́fẹ́ tó ń kọjá ló ń gbẹ irin, òun náà ló sì ń gbé èéfín ọ̀dà lọ. Ọkọ̀ tí a fi tapólì bò típẹ́típẹ́ máa ń làágùn lábẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń dípẹtà ju èyí tó wà ní gbangba lọ.

Iná mànàmáná ní wàhálà tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ amúnáwá Mount Coffee, lórí odò St. Paul, wà lára ibi tí iná Monrovia ti ń wá. Àwọn ọdún 1960 ni wọ́n kọ́ ọ, ogun abẹ́lé bà á jẹ́ ní 1990, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá 2016. Megawáàtì 88 ni agbára rẹ̀ nígbà tí odò bá kún. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, odò a fà, iná a sì dín kù. Ìyẹn ni pé ìgbà tí irin gbẹ tó láti jó àti láti kùn gan-an ni iná máa ń ṣọ̀wọ́n. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé ẹ̀rọ tí wẹ́dà fi ń jó irin. Ó dára kí o ṣe iṣẹ́ títú palẹ̀ àti iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì lábẹ́ òrùlé nígbà òjò, kí o sì háyà jẹnẹrétọ̀ ńlá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ta ni yóò bá ọ ṣe é?

Àwọn ọmọ iṣẹ́ òde òní mọ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ tòkunbọ̀ wò, ṣùgbọ́n 504 kò ní kọ̀ǹpútà kankan. Etí àti imú ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Wá àgbà mẹkáníìkì kan, kí o sì bẹ̀ ẹ́ kó mú ọmọ iṣẹ́ kan dání, nítorí pé ìmọ̀ yìí ń bá àwọn àgbà lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò fẹ́ yọ ẹ̀rọ tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì Coupé, kí wọ́n sì fi kábúrétọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin rọ́pò rẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ kò ní fẹ́ gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń rìn sàn ju èyí tó ń dúró de ẹ̀yà láti Paris. Kàn di èyí tí wọ́n yọ náà sínú àpótí, kí o sì tọ́jú rẹ̀.

Fi fóònù ya gbogbo nǹkan kí wọ́n tó tú u. Nọ́ọ̀tì ilẹ̀kùn nínú ọ̀rá kan, ti bíréèkì nínú òmíràn, kí o sì kọ orúkọ sí i lára.

Àwọn ohun tó lè pa ènìyàn

Má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Gbé e lé ẹsẹ̀ irin, kí o sì mì í kí o tó wọlé.

Má ṣe jẹ́ kí wẹ́dà jó táǹkì epo, bó ti wù kó gbẹ tó. Èéfín epo tó kù nínú rẹ̀ ló ń bú gbàmù.

Bíréèkì àtijọ́ lè ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, eruku rẹ̀ sì ń fa jẹjẹrẹ. Omi ni kí o fi nù ún, má ṣe fẹ́ ẹ. Ọ̀dà tí wọ́n ń po mọ́ ohun amúnile ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Aṣọ tí a so mọ́ imú kò lè dá a dúró.

Táyà náà ń gbó lórí ìdúró. Wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT lára rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Èyí tó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá, kí o jù ú nù. Ó ṣeni láàánú pé láti 1926, nígbà tí Liberia fún ilé iṣẹ́ Firestone ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ éékà mílíọ̀nù kan fún ọdún 99, ni rọ́bà ti ń ti Harbel, nítòsí Monrovia, lọ sí òkè òkun, síbẹ̀ táyà tí o máa rà ní Monrovia, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá.

Ọjọ́ tí yóò kọ́kọ́ rìn

Bíréèkì ni kí o parí kí o tó ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Pààrọ̀ gbogbo rọ́bà àti páìpù rẹ̀, kódà èyí tó bá dà bíi pé ó ṣì dára. Yọ pọ́ọ̀gù, kí o yí ẹ́ńjìnnì títí tí òróró yóò fi yí ká, kí o tó dá wọn padà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, má wa ọkọ̀ náà kọjá àdúgbò rẹ. Tí o bá dé, tẹ́ páálí sí abẹ́ rẹ̀ mọ́jú: ẹ̀kán tó bá wà lórí páálí náà ní òwúrọ̀ ni yóò sọ fún ọ bóyá òróró, omi tàbí epo bíréèkì ló ń jò, àti ibi tó ti ń jò.