Ìjẹta Kì í Ṣe “Three Days Ago”

Ọ̀rọ̀ kékeré ni mo gbé wá, àmọ́ ó ń jẹ wá ní máàkì, ó sì ń ba ìtàn jẹ́.

Ẹ wo “ìjẹta”. Ẹẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, torí pé Yorùbá ń ka òní mọ́ ọn: òní, àná, ìjẹta, ó pé mẹ́ta. Gẹ̀ẹ́sì kì í ka òní ní tiẹ̀. “Two days ago” ló ń pe ìjẹta. Nítorí náà, ẹni tó bá fọ̀rọ̀ wá bàbá àgbà kan lẹ́nu wò, tó wá sọ “ìjẹrin” bàbá di “four days ago”, ti fi ọjọ́ kan lé e. Bákan náà ni ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún: bí Gẹ̀ẹ́sì bá kà á, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń ná an. Ìtàdógún ńkọ́? Mẹ́tàdínlógún ni Yorùbá kà, mẹ́rìndínlógún ni Gẹ̀ẹ́sì máa kà. Ẹ má sì pè é ní “fortnight” o, torí òru mẹ́rìnlá ni ìtumọ̀ ìyẹn. Òru ni àwọn baba ńlá wọn ń kà láyé àtijọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìmọ̀wé ló fà á tí a fi ń kà báyìí. Bẹ́ẹ̀ làwọn ará Róòmù náà ń kà. Nígbà tí Julius Caesar tún kàlẹ́ńdà wọn ṣe, ó ní kí wọ́n máa fi ọjọ́ kan kún ọdún kẹrin-kẹrin. Wọ́n pa á ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Kírísítì. Àwọn àlùfáà wá ń ka ọdún tí wọ́n kúrò nínú ẹ̀ mọ́ ọn, ni wọ́n bá ń fi ọjọ́ kún un lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta. Augustus ló padà bá wọn tún un ṣe.

Ti “next tomorrow” náà wà níbẹ̀. Tí a bá kọ ọ́, báírò pupa ló máa gorí ẹ̀, torí “the day after tomorrow” ni wọ́n ń fẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Bíbélì tí Coverdale gbé jáde ní 1535, “overmorrow” wà níbẹ̀ gedegbe. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀túnla tiẹ̀ rí, ó sọ ọ́ nù ni.

Èyí tó wá ká mi lára jù ni ti ọdún. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897, ìwé náà sì sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló fi àwọn àkọsílẹ̀ tó kù tún un kọ, kó tó jáde ní 1921. A lè sọ pé “láti 1897 ló ti parí ẹ̀”, kò sì sí àléébù kankan nínú Yorùbá yẹn. Àmọ́ “He has finished it since 1897” kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá ti dárúkọ ọdún tó ti kọjá lọ, “has” ò gbọdọ̀ bá a rìn: “He finished it in 1897.” Ohun tó ṣì ń bá a lọ títí dòní ni “since” wà fún: “We have had the book since 1921.” Ẹni tó bá sì kọ “Johnson wrote in 1921”, gírámà rẹ̀ pé, àmọ́ ó ti mú kí ẹni tó ti lo ogún ọdún nínú sàréè gbé kálàmù.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká máa bi ara wa léèrè: ṣé wọ́n ka òní mọ́ ọn? Ṣé ọdún tí wọ́n kọ ọ́ ni, àbí ọdún tó jáde? Bí àgbà ilé yín bá sì ní “ìjẹrin”, ẹ kọ “ìjẹrin” sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, kí ẹ tó sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì.