Òṣùwọ̀n Méjì fún Oòrùn Kan: Ìtàn Àríyànjiyàn lórí Wíwọn Ìtànṣán Oòrùn Tààrà láti 1837

Ohun tí bébà yìí fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń wọn ìtànṣán tí ó ń ti ojú oòrùn gan-an wá, láìka ìmọ́lẹ̀ tí ó ń ti ara sánmà wá mọ́ ọn, àti bí wọ́n ti ń mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n wọ̀n péye. Ó rọrùn láti sọ ìtàn yìí bí ẹni pé àṣìṣe kàn ń dín kù díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún ni. Èrò tiwa yàtọ̀. A gbà pé fún ìgbà pípẹ́, ìfohùnṣọ̀kan ni wọ́n ń wá, ìpéye ni wọ́n sì ń pè é.

Claude Pouillet, ará Faransé, ni ó fún irú ohun-èlò yìí ní orúkọ pyrheliometer ní 1837. Agolo pẹlẹbẹ ni, omi àti tẹmómítà wà nínú rẹ̀, a sì kun ojú rẹ̀ ní dúdú. A ó kọjú rẹ̀ sí oòrùn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, a ó wo bí omi náà ti gbóná sí. A ó tún fi sí ibòji ṣáájú àti lẹ́yìn èyí, kí a lè mọ iye ooru tí ó ń sọ nù. Iye tí ó rí fún agbára oòrùn lókè afẹ́fẹ́ ayé jẹ́ kálórì 1.76 ní ìṣẹ́jú kan lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó. Ohun tí a mọ̀ lónìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1.95, èyí tí í ṣe nǹkan bí wáàtì 1,361 lórí mítà kan níbùú lóròó. Samuel Langley, ará Amẹ́ríkà, gun Òkè Whitney ní 1881 pẹ̀lú ohun-èlò tí ó mú hánhán ju ti Pouillet lọ fíìfíì, ó sì sọ pé 3 ni. Ohun-èlò tí ó dára jù ni ó mú iye tí ó burú jù jáde! Ọ̀nà tí Langley gbà ṣírò ohun tí afẹ́fẹ́ gbé mì ni ó kọsẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti díjú ni orí ilẹ̀ níhìn-ín, níbi tí kò sí ìṣirò afẹ́fẹ́ kankan láti fi ṣe àwáwí. Knut Ångström ti Sweden gbé ohun-èlò tirẹ̀ jáde ní 1893. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a kùn ní dúdú ni ó lò: ọ̀kan ń yá oòrùn, èkejì wà ní ibòji. A ó fi iná mànàmáná mú èyí tí ó wà ní ibòji gbóná títí tí ooru àwọn méjèèjì yóò fi dọ́gba. Agbára iná tí ó gbà ni agbára oòrùn. Èrò náà dára púpọ̀. Àléébù kan ni ó wà níbẹ̀: iná mànàmáná ń mú irin náà gbóná láti etí dé etí, ìtànṣán oòrùn kì í sì í kan etí rẹ̀ tán. Nítorí èyí, òṣùwọ̀n Ångström ti 1905 relẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, Charles Greeley Abbot ti ilé-iṣẹ́ Smithsonian lo awo fàdákà tí tẹmómítà wọ inú rẹ̀, ó sì fi ohun-èlò mìíràn tí omi ń ṣàn gba inú rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí ni ó bí òṣùwọ̀n Smithsonian ti 1913. Smithsonian fi nǹkan bí ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti Ångström lọ. Nígbà tí Abbot fúnra rẹ̀ tún un wọ̀n ní 1932 pẹ̀lú ohun-èlò olómi tí ó sàn jù, ó rí i pé òṣùwọ̀n 1913 ti ga ju bí ó ti yẹ lọ ní ìdá 2 àti ààbọ̀ tàbí ohun tí ó sún mọ́ ọn. Síbẹ̀, wọn kò yí i padà nínú àwọn ìwé wọn, kí àkọsílẹ̀ ọdún púpọ̀ má baà já sí méjì. A kò lè dá wọn lẹ́bi pátápátá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka iye wọn lónìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde mọ̀ pé ó ga jù.

Abbot sì ní ìdí pàtàkì tí kò fi fẹ́ kí àkọsílẹ̀ náà já. Ó gbà pé agbára oòrùn fúnra rẹ̀ ń yí padà, àti pé a lè ti ara ìyípadà náà sọ bí ojú ọjọ́ yóò ti rí. Nítorí èyí ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ṣe gbé àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí orí òkè ní aṣálẹ̀, ní Montezuma ní Chile àti ní Brukkaros ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàmíbíà lónìí. A gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níhìn-ín. Òṣùwọ̀n tí ó ga jù nígbà gbogbo kò lè dá ìyípadà sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí kò dúró sójú kan ni ó ń tàn wọ́n. Sátẹ́láìtì Nimbus 7, tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní 1978, àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e fi hàn pé ìyípadà inú ìyípo ọdún mọ́kànlá kò ju nǹkan bí ìdá 0.1 lọ, èyí tí ohun-èlò Abbot kò lè rí láti ilẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án 1956, bí Ọdún Ìwádìí Ayé ti 1957 sí 1958 ti ń sún mọ́lé, àwọn onímọ̀ péjọ sí Davos ní Switzerland. Ìpinnu wọn ni pé kí a fi ìdá 1.5 kún ti Ångström, kí a sì yọ ìdá 2 kúrò nínú ti Smithsonian. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí pé 1.5 àti 2 papọ̀ jẹ́ 3.5 gẹ́lẹ́. Báyìí ni à ń parí ìjà ààlà oko: èyí sún síhìn-ín, tọ̀hún sún sọ́hùn-ún. Nígbà tí a fi ohun-èlò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tuntun, tí ihò dúdú inú wọn ń gbé ìtànṣán mì, gbé òṣùwọ̀n àgbáyé kalẹ̀ ní 1977, a rí i pé ó fi ìdá 2.2 ju ti 1956 lọ. Àmọ́ ó fi nǹkan bí ìdá 2.3 kéré sí Smithsonian ti 1913. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ti 1956 àti ti 1977 ìbá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba! Ìtumọ̀ tí ó bá èyí mu, lójú tiwa, ni pé òṣùwọ̀n 1956 kò rí bákan náà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó lò ó: nínú ìṣe, ọ̀dọ̀ àwọn ohun-èlò Ångström ni ó fì sí.

Àṣìṣe òṣùwọ̀n 1977 ni a fojú dá sí ìdá 0.3. Ní 2012, ohun-èlò kan tí ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù líle koko fi hàn ní Davos pé òṣùwọ̀n náà ga jù ní nǹkan bí ìdá 0.3.

Davos wà ní nǹkan bí 1,600 mítà lókè òkun, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì mọ́. Ní Yunifásítì Ìlọrin, níbi tí ibùdó ìwọnòòrùn àgbáyé kan ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1992, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹnu irú ohun-èlò yìí ń gba ìmọ́lẹ̀ láti ibi tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí dìgírì márùn-ún, oòrùn fúnra rẹ̀ kò sì ju ìdajì dìgírì lọ. Ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí eruku Sàhárà bá bo ojú sánmà, ìmọ́lẹ̀ funfun tí ó yí oòrùn ká máa ń bá ti oòrùn wọlé, ohun-èlò yóò sì ka gbogbo rẹ̀ sí ìtànṣán tààrà.