Transponder
Afiránṣẹ́ àti adáhùn ni wọ́n so pọ̀ di orúkọ yìí. Rédà ilẹ̀ a bèèrè lórí 1030 MHz, ẹ̀rọ inú bàálù a dáhùn lórí 1090 pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́rin tí awakọ̀ tẹ̀ sí i, tí kò ní 8 tàbí 9 nínú. 7700 ni igbe ìrànlọ́wọ́. Mode C a fi gíga bàálù kún èsì náà.

Láti oṣù Kìíní 2020, Amẹ́ríkà ti fi ADS-B Out di dandan ní ọ̀pọ̀ òfúrufú rẹ̀: bàálù ń kéde ibi tó wà láìjẹ́ pé ẹnì kankan bi í. (Adáhùn wo ló kù níbẹ̀?) Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ ADS-B ti 978 MHz fún bàálù kékeré rẹ̀ kò lè tìtorí ẹ̀ yọ transponder àtijọ́ kúrò. Ti 1090 ni èmi ìbá rà, torí òun làwọn orílẹ̀-èdè yòókù ń lò.