Ìbàlágà àti Nǹkan Oṣù Lára Ọmọbìnrin Eléré Jimunásíìkì

Jimunásíìkì ni eré ìdárayá tí ọmọbìnrin ti ń tàkìtì lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 péré, tí ó ń fi ọwọ́ rọ̀ mọ́ ọ̀pá, tí ó sì ń fò láti òkè balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọdé ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ìdánrawò bá le jù lọ gan-an ni ọmú ń yọ, tí ìdí ń fẹ̀, tí nǹkan oṣù yẹ kó dé. Ní Amẹ́ríkà, ọmọbìnrin sábà máa ń rí nǹkan oṣù àkọ́kọ́ láàárín ọdún 12 sí 13. Àwọn ọmọ jimunásíìkì tó ń lọ ìdíje ńlá sábà máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń di ẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí ru eré náà. Lójú tèmi, àìjẹunkánú ló yẹ ká mú, kì í ṣe títàkìtì.

Inú ọpọlọ ni àṣẹ nǹkan oṣù ti ń wá. Ọpọlọ ń tú họ́mọ̀nù jáde ní ìdákúrekú, òun ló ń jí ilé ẹyin láti ṣe ẹ́sítírójìn tó ń mú ọmú yọ, tó sì ń mú egungun le. Ní 1974, Rose Frisch àti akẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé ọ̀rá gbọ́dọ̀ tó ìdá 17 nínú 100 ara ọmọbìnrin kí nǹkan oṣù tó lè bẹ̀rẹ̀. Èrò náà tàn kálẹ̀, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ obìnrin tí kò sanra ń rí tiwọn déédéé. Ìwádìí Anne Loucks tó jáde ní 2003 ló fọwọ́ ba ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ó ní kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin ṣe iye ìdárayá kan náà fún ọjọ́ 5, oúnjẹ nìkan ló ń yí padà. Àwọn tó jẹun tó kò ní ìṣòro kankan. Ṣùgbọ́n bí agbára tó ṣẹ́ kù fún ara lẹ́yìn ìdárayá bá ti kéré sí kálórì 30 lóòjọ́ fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan, láìka ọ̀rá mọ́ ọn, họ́mọ̀nù náà a dàrú. Bí ilé tówó ò tó ná ni ara ń ṣe: ọkàn gbọ́dọ̀ máa lù, ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí lè dúró ná.

Àwọn kan á ní àbínibí ni, pé ọmọ kúkurú tí kì í tètè bàlágà ni àwọn akọ́ni ń ṣà. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ tí FIG, àjọ tó ń darí eré yìí lágbàáyé, kó jọ kọ ọ́ ní 2013 pé kò sí ẹ̀rí tó dájú pé ìdánrawò ń sọ ọmọ di kúkurú. Mo gbà á. Àmọ́ àbínibí lè ṣàlàyé ohun tó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Kò lè ṣàlàyé nǹkan oṣù tó ti ń wá tẹ́lẹ̀, tó wá dáwọ́ dúró nígbà tí ìdíje kù sí dẹ̀dẹ̀.

Àtakò kejì lágbára ju ìyẹn lọ: egungun ọmọ jimunásíìkì sábà máa ń ki ju ti sárésáré lọ, kódà bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ń ṣe ségesège, nítorí gbígún tí ẹsẹ̀ ń gún ilẹ̀ ń mú egungun le. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ọrùn ọwọ́. Ibi tí egungun ti ń gùn níbẹ̀ ṣì rọ̀, ọmọ náà sì ń fi gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Bí ìbàlágà bá pẹ́, ibẹ̀ a pẹ́ kó tó le, ewu rẹ̀ a sì gùn sí i. Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí wọ́n ń fún àwọn kan kí wọ́n lè rí ẹ̀jẹ̀ kò wo ohun tó fà á. Ó kàn ń bo àmì mọ́lẹ̀ ni. Bí oúnjẹ bá tó padà, nǹkan oṣù sábà máa ń padà, ẹyin sì lè jáde kí ẹ̀jẹ̀ náà tó padà, tó fi jẹ́ pé ọmọbìnrin tí kò rí nǹkan oṣù ṣì lè lóyún.

Èyí tó dùn mí jù ni ìgbàgbọ́ pé ara ọmọdé nìkan ló lè ṣe eré yìí. Ẹni ọdún 35 ni Ágnes Keleti nígbà tó gba wúrà 4 nínú eré yìí ní Òlíńpíìkì Melbourne ní 1956. Larisa Latynina lóyún sínú nígbà tó gba wúrà 5 níbi ìdíje àgbáyé 1958. Ẹ̀yìn tí Nadia Comaneci, ọmọ ọdún 14, gba máàkì 10 pípé ní Òlíńpíìkì Montreal ní 1976 ni àṣà ọmọ kékeré wá gbilẹ̀. Ní 1994, Christy Henrich, eléré jimunásíìkì ọmọ Amẹ́ríkà, kú ní ẹni ọdún 22. Àìsàn fífi ebi pa ara ẹni ló pa á, lẹ́yìn tí adájọ́ eré kan ti sọ fún un pé ó sanra jù. Láti 1997 ni FIG ti ní kí ẹni tí kò ní pé 16 lọ́dún ìdíje má ṣe bá àgbà díje. Síbẹ̀, ìròyìn ìwádìí tí Anne Whyte ṣe lórí eré yìí ní Britain ní 2022 ṣì sọ nípa àwọn ọmọ tí wọ́n ń wọ̀n lórí òṣùwọ̀n ní ìwọ̀nkuwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ àgbà ṣì ń ṣe eré yìí: Oksana Chusovitina bímọ ní 1999, ó gba fàdákà ní Òlíńpíìkì Beijing ní 2008. Simone Biles gba wúrà ní Òlíńpíìkì Paris ní 2024, ó ti pé ọdún 27.

Kí ẹ̀yin akọ́ni gbé òṣùwọ̀n yẹn kúrò, kí ẹ sì máa béèrè nípa nǹkan oṣù bí ẹ ṣe ń béèrè nípa ẹsẹ̀ tó rọ́. Ọmọ ọdún 15 tí kò tíì rí i rí, àti èyí tí tirẹ̀ ti dáwọ́ dúró fún oṣù 3, ẹ jẹ́ kó rí dókítà kó tó padà sórí ọ̀pá.