Awò Ojú Gbayì, Ẹ̀rọ Ìgbọ́ràn Kò Gbayì

Ní Abẹ́òkúta, kò sẹ́ni tí í fi bàbá àgbà ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ó wọ awò ojú. Bí bàbá kan náà bá fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sétí, ojú àánú ni àwọn ọmọ rẹ̀ gan-an yóò fi máa wò ó. Èmi gbà pé ìtàn ìlú yìí wà lára ohun tó fa ìyàtọ̀ náà. Lọ́dún 1846 ni àwọn míṣọ́nnárì Henry Townsend àti Samuel Ajayi Crowther wá tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta. Nígbà tó di 1859, Townsend ti ń tẹ Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ìwé kíkà wá di ọ̀nà iyì, òun ló ń sọ èèyàn di tíṣà, àlùfáà tàbí akọ̀wé. Awò ojú bá ìwé rìn, ó sì jẹ nínú iyì rẹ̀. Etí kò rí irú alágbàwí bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí ni ìlú fi ń gbé: ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi ń dájọ́ nílé Ògbóni láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu náà ni wọ́n sì fi ń ná àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú.

Ẹ wo ìyá ọlọ́jà tí etí rẹ̀ ń rẹlẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn oníbàárà dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò yé e, ó ń wo ẹnu ẹni náà, ó ń bi í pé, "Kí lẹ wí?" Ìró tínrín bíi ti "s" àti "f" ni ọjọ́ orí sábà máa ń kọ́kọ́ mú lọ, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ inú èdè Yorùbá ṣì kù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kò fọkàn sí nǹkan, tàbí pé ohun tó wù ú ló ń gbọ́.

Àwọn kan á ní ara àgbà ni, kò sí àtúnṣe. Òótọ́ ni pé etí tí ogbó tàbí ariwo ti bà jẹ́ kì í padà sípò, ṣùgbọ́n ojú àgbà náà kì í padà, a sì ń wọ awò. Àwọn mìíràn á ní ìtìjú àtayébáyé kò ṣeé yí padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà ọpọlọ Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìwòsàn ọpọlọ Àró ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1954, ó fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sílé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, wọ́n sì ń bá ara wọn gbé. Bí ilẹ̀ Ẹ̀gbá bá lè gba ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń fi pa mọ́ yìí, èwo ni ti ẹ̀rọ kékeré etí?

Ẹ̀hónú tó wúwo jù ni owó. Ẹ̀rọ náà wọ́n, bátìrì rẹ̀ ń tán, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ó tó mọ́ni lára. Ẹni tó bá ra èyíkéyìí lójú títì láìjẹ́ pé wọ́n wọn ìgbọ́ràn rẹ̀ lè rí ariwo lásán rà. Nígbà mìíràn, ìdọ̀tí etí nìkan ni dókítà máa yọ, ọ̀rọ̀ á parí. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mú bàbá lọ síbi àyẹ̀wò etí, kí ẹ tó dá aṣọ ẹbí ọjọ́ ìbí rẹ̀.