Okùn Ni Kó Já, Kí Awọ Má Ya: Ìtàn Okùn Àpò Awọ ní Òkè Ìdáàṣà

 

Bí ọdún bá dé báyìí, àwọn àpò àtijọ́ a jáde kúrò ní ìyẹ̀wù. Ọdẹ a gbé tirẹ̀ kọ́ èjìká, babaláwo a gbé tirẹ̀, àwọn àgbà ilé a gbé èyí tí baba wọn fi sílẹ̀ jáde kí oòrùn lè rí i. Gbogbo wa la máa ń yin awọ rẹ̀. Okùn tí ó so awọ náà pọ̀, kò sí ẹni tí í béèrè rẹ̀. Ìtàn okùn yìí ni a fẹ́ sọ nínú ìwé ọdún wa, nítorí pé lọ́wọ́ tí a wà yìí, okùn tí kò yẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ba ohun tí ogun kò lè bà jẹ́ lọ́jọ́ kìíní.

Àpò nínú ayé àwọn baba wa

Igbó Ìdáàṣà ni ìlú wa. Lẹ́nu àwọn Fọ̀n ló ti di Dassa-Zoumè, ìyẹn Ìdáàṣà inú igbó. Àwọn àlejò sì ń pè é ní ìlú òkè 41. Ìran Ọmọ Jagun, tí wọ́n ń tọ́ka sí Jagun Ọlọ́fin gẹ́gẹ́ bí baba ńlá wọn, ló jọba níbẹ̀. Kì í ṣe ẹwà òkè nìkan ló mú àwọn baba wa fẹ̀yìn ti àpáta. Ogun Dàhómì wà níbẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún àti ìkọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun Abomey kò yé gòkè wá kó ènìyàn lẹ́rú ní àgbègbè yìí. Ní 1886 ni wọ́n fọ́ Kétu, ìlú ọba tó jẹ́ ìbátan wa.

Ẹni tí ó lè di dandan fún un láti sáré gun òkè nígbàkúgbà, àpò ni àpótí rẹ̀. Èlùbọ́, ìṣáná, oògùn, owó: ohun tí kò bá wọ àpò, ilẹ̀ ló máa wà. Owó ẹyọ nígbà náà kò sì fúyẹ́. Ogójì ẹyọ la ń sín sórí okùn kan. Okùn 50 ni ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000, àpò ńlá náà la sì ń pè ní ọ̀kẹ́. Ẹ ò rí i pé okùn àti àpò ni àwọn baba wa fi ń ṣírò owó. Ẹni tó ń gbé àpò Ifá ni wọ́n ń pè ní akápò. Lónìí kò sí ẹgbẹ́ tí kò ní akápò tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé báńkì ló ń gbé.

Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, àpò tó lókìkí jù ni laba Ṣàngó, àpò awọ pupa tí wọ́n fi awọ aláràbarà lẹ̀ lójú, tí wáwá sì ń já nídìí rẹ̀. Ẹdùn àrá ló ń wà nínú rẹ̀. Òkúta ni ẹdùn àrá. Ẹni tó bá ń rán àpò tí òkúta yóò wọ̀, kò lè fi ọ̀rọ̀ okùn ṣeré.

Awọ ti òkè wá, òwú ti ilé wá

Ewúrẹ́ wà lórí òkè wa, ẹran ọdẹ sì wà nínú igbó. Ṣùgbọ́n àríwá ni ọgbọ́n awọ ti gbajúmọ̀ jù. Ní ilẹ̀ Ìbàrìbá, ẹni tó bá lọ wo ọdún Gaani ní Nikki yóò rí gàárì àti ìjánu ẹṣin tí wọ́n fi awọ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Nígbà tí Heinrich Barth, ará Jámánì, dé Kano ní 1851, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàtà àti awọ wà lára ohun tí ìlú náà ń tà sí ọ̀nà jíjìn. Awọ ilẹ̀ Háúsá ń la aṣálẹ̀ kọjá dé Mòrókò, àwọn Òyìnbó sì ń rò pé Mòrókò ni wọ́n ti ṣe é. Àwọ̀ pupa tó dára lára irú awọ bẹ́ẹ̀, pòròpórò ọkà bàbà ni wọ́n sábà máa ń rí i fà yọ.

Bí awọ bá ti òkè ọya wá, òwú ti inú ilé wá ni. Àwọn ìyá wa ló ń gba kóró kúrò lára òwú, tí wọ́n ń gbọ̀n ọ́n, tí wọ́n sì ń fi ìrànwú ran án. Obìnrin ran òwú, ọkùnrin rán awọ: ohùn kan ṣoṣo ló ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀ lẹ́nu wa. Òwú ẹyọ kan tó wà fún híhun kíjìpá kò lè di àpò mú. Oníṣọ̀nà awọ a mú ẹyọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, a lọ́ wọn pọ̀ sí apá òdìkejì ibi tí a ti kọ́kọ́ ran wọ́n sí, kí wọ́n má baà tú. Lẹ́yìn náà ni yóò fà á kọjá lára ìda oyin lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ìda yìí ló ń mú kí okùn máa yọ̀ nínú ihò láìho, òun ló ń dènà omi, òun náà ló sì ń mú okùn lẹ̀ mọ́ awọ kí ó má sún padà.

Òwú nìkan kọ́ ni ayé fi ń rán awọ. Ọsán wà, ìyẹn awọ tí a là tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí a fi ń fa ojú ìlù dùndún. Ó dára fún etí àpò àti ìgbékọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ihò ńlá ló ń fẹ́. Àwọn ará ilẹ̀ yìnyín ní àríwá ayé ń fi iṣan ẹran rán awọ. Àwọn Òyìnbó ń fi òwú ọ̀gbọ̀ rán tiwọn. Hermès, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris ní 1837 láti máa ṣe ìjánu ẹṣin, ṣì ń fi abẹ́rẹ́ méjì àti òwú ọ̀gbọ̀ tí a fi ìda oyin pa rán àpò tí owó rẹ̀ tó ra ilé. Kí ọmọ Ìdáàṣà má ṣe rò pé ìda oyin jẹ́ iṣẹ́ aláìní.

Ohun tí okùn gbọ́dọ̀ ṣe

Nínú rírán oníabẹ́rẹ́ méjì, a ó kọ́kọ́ fi irin ṣóṣóró lu ihò sára awọ. Orí okùn kan a wọlé láti ọ̀tún, èkejì a wọ ihò kan náà láti òsì. Ìlọ́po mẹ́rin gígùn ojú rírán ni okùn tí a ó gé. Bí apá kan bá já, apá kejì a ṣì di awọ mú. Rírán ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé okùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ kàn kọ́ ara wọn lọ́rùn ni. Bí ọ̀kan bá já, ìyókù lè bẹ̀rẹ̀ sí í tú.

Ṣùgbọ́n òfin tó ga jù ni pé okùn kò gbọdọ̀ le ju awọ lọ. Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu, nítorí okùn tó le jù ni gbogbo ayé ń wá lọ́jà. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Bí ẹrù bá wúwo tàbí tí ẹnìkan bá já àpò gbà, nǹkan kan gbọ́dọ̀ fara gbá a. Bí okùn bá já, a ó tún un rán nínú ihò àtijọ́, àpò a sì padà bọ̀ sípò. Bí okùn bá kọ̀ tí kò já, awọ ni yóò ya láti ihò kan dé èkejì. Awọ tó ti ya kò ní àtúnṣe tí kò ní hàn. Nítorí náà, okùn ni kó já, kí awọ má ya.

Ojú irin dé, ọ̀rá dé

Ní ọdún 1900 ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Cotonou. Ó gba àárín òkè wa kọjá lọ sí Savè, ó sì dé Parakou ní 1936. Ẹrù ilé ìtajà ń bá a wọlé, ìrànwú àwọn ìyá wa sì ń wọ àjà lọ. Lókè òkun, wọ́n ṣẹ̀dá náílọ́ọ̀nù ní Amẹ́ríkà ní 1935, wọ́n sì ṣẹ̀dá pọlíẹ́sítà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1941. Àwọn méjèèjì ló wà lọ́jà wa lónìí.

A kò ní bú wọn. Òwú máa ń jẹrà nínú òógùn àti ọ̀rinrin, pọlíẹ́sítà kì í jẹrà. Oòrùn a máa sọ náílọ́ọ̀nù di aláìlágbára kíákíá, a sì máa fà gùn bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Pọlíẹ́sítà fara dà á jù ú lọ. Ẹni tó ń fi awọ màlúù tó nípọn rán àpò tuntun fún ọmọ ilé ìwé tàbí fún ọlọ́jà, pọlíẹ́sítà tí a fi ìda pa ló yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ká mú okùn ọ̀rá tín-ínrín kan náà, ká fi tún àpò ewúrẹ́ tí baba baba wa gbé gun òkè ṣe, ewu ńlá ni. Awọ náà ti gbó, okùn yìí a sì máa gé e bí ọ̀bẹ. Láàrin ọdún díẹ̀, ihò méjì a di ẹyọ kan, etí àpò a ya bọ́.

Ọ̀nà ìdánwò kò le. Ẹ fi iná kan orí okùn. Òwú a jó bí ìwé, a di eérú. Ọ̀rá a yọ́, a di kóró líle.

Ohun tó kù sọ́wọ́ wa

Ní 10 Oṣù Kọkànlá 2021, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 tí ọ̀gágun Dodds àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kó ní Abomey padà dé láti ilẹ̀ Faransé. Ìtẹ́ ọba ni gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàrin wọn, ìrànwú kan wà, òfì kan wà, àpò awọ kan sì wà. Ààfin tí ń lé wa gun òkè ni wọ́n ti kó wọn, síbẹ̀ ìwé kan náà ni ìtàn fi wọ́n kọ́ gbogbo wa: ìrànwú àti àpò tó ohun tí orílẹ̀-èdè ń béèrè padà lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa lórí òkè yìí ńkọ́? Ta ni yóò bá wa béèrè rẹ̀ bí a bá fi ọwọ́ ara wa bà á jẹ́?

Ọ̀rọ̀ òwú gan-an tún dunni. Ní 2019 sí 2020, ilẹ̀ Benin kórè òwú tó lé ní 700,000 tọ́ọ̀nù. Ilé iṣẹ́ tó ń gba kóró òwú wà ní Glazoué nítòsí wa, ó wà ní Savalou. Ọkọ̀ ńlá ń gbé òwú kọjá lẹ́sẹ̀ òkè wa, a sì ń ra okùn òkèèrè lọ́jà láti rán àpò Ifá.

Ẹ̀bẹ̀ wa kò pọ̀. Ẹ̀yin ìdílé tó ní àpò àtijọ́, kí ẹ tó gbé e fún aránbàtà, ẹ béèrè irú okùn tí yóò fi rán an. Ẹ sọ fún un pé ihò àtijọ́ ni kó lò, kó má lu tuntun, kó sì lo òwú tí a fi ìda oyin pa. Ẹ̀yin ìyá àgbà tó ṣì mọ òwú ran, ẹ pe ọmọbìnrin kan jókòó tì yín. Ẹ̀yin aláṣẹ kọmúùnù, ẹ bá wa wá àyè kan nínú ọdún tó ń bọ̀ níbi tí oníṣọ̀nà awọ àti ìyá tó ń ran òwú yóò ti ṣiṣẹ́ lójú àwọn ọmọ ilé ìwé. Inú owó kékeré ni èyí wà.

Ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn ń gbà. Àwọn baba wa ti la ọ̀nà fún wa. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí okùn tí ó so wá pọ̀ le tó, kí ó má sì gé wa. Ọdún á yabo. Àṣẹ.